Ọ̀rọ̀ Tó Mú Ẹ̀gbà Pọ́n

"Ẹ má kì í! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì í o!"

Ìyùnadé ti wà lórí ìrìn kí ó tó mọ̀ pé òun ti dìde. Ó gba àárín àwọn tó tò síwájú fèrèsé kọjá, ó tẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀, kò dúró tọrọ gáfárà, ó na ọwọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Gbogbo àgbàlá Ilé Ìwọ̀n, ibi tí ìjọba ti ń ta oògùn, yíjú síbẹ̀.

Ìyàwó ilé ni o. Ó fi ọwọ́ bo ọmọ ọkọ lẹ́nu ní ìta gbangba, obìnrin tó bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín wọlé. Láyé ìjọ́sí, ẹbí ì bá ti pé lé e lórí kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ṣùgbọ́n ayé ti yí, ìwà ti bá a yí, kò sì sí ẹnì kankan lórí ìlà yẹn tó wo ojú Ìyùnadé. Ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

Àtẹ́lẹwọ́ Ìyùnadé ti pẹ́ jù. Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, kì í ṣe ẹni tí í fi ahọ́n tọ́ ọ̀rọ̀ wò kó tó sọ ọ́. Bó ti ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé tó rí ọmọ àbúrò rẹ̀ lábẹ́ igi odán, tó ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fún, ó ti sọ ẹrù kalẹ̀, ó ti gbé ohùn sókè:

"Àmọ̀kẹ́! Àmọ̀kẹ́ mi, ọmọ olókúta funfun! Ọmọ a-fàpáta-ṣàga, a-fàpáta-ṣèrọ̀rí! Òkúta ò mọ̀ ọ́n rọ̀, baba yín ló sùn lé e tó fi rọ̀ bí òwú…"

Ibẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ ti ká a mọ́.

Lábẹ́ igi, Mojírádé tó ni oríkì náà gbé orí sókè. Èjìká rẹ̀ tó ti sún mọ́ etí láti òwúrọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó mí, èémí gígùn kan bíi ti ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ẹ̀gbà tó ń wọn ìrora lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, èyí tó ti dà bí ọsàn tó fẹ́ pọ́n láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí: ó di àwọ̀ ìyeyè, ó di àwọ̀ ẹ̀kọ, ó wá funfun báláú bí òkúta Ìgbẹ́tì.

"Yéè," ni ẹnì kan wí. "Ó ti funfun."

"Ó ti funfun," ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tún wí, bí ìgbà tí wọ́n bá ń túfọ̀.

Ìyùnadé mú ọwọ́ kúrò. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, mà."

Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé?"

"Ó pé, mà."

"Mo bá ọmọ mi nínú ìrora, mo kì í. Ṣé kí n dúró máa wò ó bí ẹni ń wo ẹran lórí ìso ni?"

"Bí ẹ bá ti ń kì í ni owó oògùn rẹ̀ ń lọ sókè, mà."

"Owó wo? Èmi tí n kò tíì nájà!"

Nítorí ìnájà gan-an ni Ìyá ṣe wá. Ó ti gbọ́ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí pé wọ́n ń wá ibi tí oògùn Mojírádé ti dínwó, ó sì ní kò sí ohun tí wọ́n ń tà láyé tí òun kò ní bá ẹni tó ń tà á dúnàá-dúrà títí ẹni náà á fi rò pé ọlọ́jà ló jẹ oníbàárà ní gbèsè. Ó wọ bọ́ọ̀sì tí kò ní awakọ̀. Ó kí i pé ó kú iṣẹ́ nígbà tó wọlé, ó tún kí i pé ó kú ewu ọ̀nà nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀sì kò dá a lóhùn ní ìgbà méjèèjì. Inú ti ń bí i bọ̀ láti ibẹ̀.

"Ta ló ń ta oògùn náà? Ẹ fi onítọ̀hún hàn mí."

"Fèrèsé yẹn ni, Ìyá," ni Mojírádé wí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti rí eyín rẹ̀. "Ẹ ṣé tí ẹ pè mí. Ó dùn mọ́ mi."

"Má sọ pé ó dùn mọ́ ọ," ni Ìyùnadé ìyá rẹ̀ wí láìwo ojú rẹ̀. "Dákẹ́. Ká apá rẹ mọ́ra."

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe Mojírádé láti kékeré. Ọ̀dọ́bìnrin tó mọ iṣẹ́ ni, abọ́ ló ń fi òkúta gbẹ́, abọ́ tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ara bá dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, á gbẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí kò bá dẹ̀, kò lè gbé ṣíbí. Ìrora náà kì í dá ọjọ́. Ó lè má wá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè wá láàrin òkèlè àti ọ̀fun. Ṣùgbọ́n Ilé Ìwọ̀n ní tirẹ̀ dá ọjọ́: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi ti fèrèsé. Àwọ̀ tí ẹ̀gbà bá wà nígbà tí o bá dé iwájú fèrèsé, òun ni iye owó tí o máa san fún gbogbo oṣù. Bí o kò bá dé iwájú rẹ̀ kó tó di pé wọ́n tì í, ó di oṣù mìíràn.

Oṣù tó ń bọ̀ yìí sì ni ọyẹ́ máa wọlé. Ọyẹ́ èṣí bá wọn láìní oògùn nílé. Mojírádé bu etí aṣọ ìbora jẹ títí ó fi lu. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ní àìsàn náà ládùúgbò, méjì ni kò rí òpin ọyẹ́ yẹn. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Ìyùnadé: ara ọmọ yìí kò lè gba irú rẹ̀ mọ́.

Ìdákẹ́ ni ará ìlú ń pe oògùn náà. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn, kò sí ẹni tó ní ahọ́n rẹ̀. Wóró kékeré aláwọ̀ eérú ni. Bó bá ti dé inú, ìrora á dákẹ́. Àwọn nǹkan mìíràn náà á dákẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í béèrè ohun tí omi pípaná máa bàjẹ́.

Obìnrin kan dìde lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Ẹ̀dínwó ni. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ Ilé Ìwọ̀n, kò sì ta ohunkóhun, ìdí nìyẹn tí òfin kò fi rí ibi dì í mú. Ìmọ̀ràn ló ń fún ènìyàn, bí wọn yóò ṣe rà á ní pọ́ọ́kú, wọn á sì fi iṣu tàbí adìẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ti kọ́ Ìyùnadé láti ìgbà tí oṣù ti lé pé kó má pe ọmọ rẹ̀ ní Àmọ̀kẹ́ mọ́, kó má fi òróró ra á lára, kó má bá a kọrin, kó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ kó sì máa lọ. Ìyùnadé ti ń ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́ ó nira. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tó fi kú: ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó ń rù ú kiri, kò kàn gbọ́ ohun tó ń ṣe é ni.

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá," ni Ìyá Ẹ̀dínwó wí fún àlejò. "Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ti fi oríkì ta ilé o."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi lẹni tó máa ṣàlàyé fún yín kẹ́ ẹ má baà ta oko mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbà yẹn. Bó bá pọ́n, pọ́ọ́kú ni, ìjọba á san èyí tó kù. Bó bá dà bí ọsàn, ẹ ó yáwó. Bó bá funfun, kí ẹ máa kí fèrèsé pé ó dàbọ̀."

"Ẹni tí ara ń ro ló ń ra ọjà pọ́ọ́kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ẹni tí ara rẹ̀ bá wá dẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?"

"Á fi owó jẹ́rìí pé ara dẹ òun."

"Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tí ara wọn le."

Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wo gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú ẹ̀gbà tirẹ̀, ojú gbogbo wọn kunkun. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. "Kí ló dé tí wọn ò kàn fẹnu bi èèyàn pé báwo lara?"

Ni gbogbo ìlà bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú kan, wọ́n sì yára gbé e mì, nítorí ẹ̀rín náà ń jẹ owó.

"Wọ́n bi wá rí, Màmá," ni Ìyá Ẹ̀dínwó wí. "Nígbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé, ẹnu ló fi ń béèrè. 'Ṣé ara le?' Kí lẹ rò pé ọmọ Ìgbẹ́tì máa wí? Baba Lánóko tí jẹjẹrẹ ti jẹ egungun itan rẹ̀ tán, wọ́n gbé e dé iwájú fèrèsé lórí ẹní. Fèrèsé ní ṣé ara le, baba ní a dúpẹ́, ara le bí òkúta, báwo làwọn ọmọ? Gbogbo ìlú ló dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olú-ìlú pé kò sí aláìsàn ní Ìgbẹ́tì. Oògùn wọ́n gógó. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹnu wa ò ṣeé gbọ́ kalẹ̀ ni wọ́n bá kúkú ń bi awọ ara léèrè."

"Kí wọ́n wá fẹnu sọ pé ara àwọn ò yá? Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe àìsàn?"

"Ẹ̀yin náà ti rí i."

Ìyùnadé kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń wo òjìji òrùlé tó ń rìn lórí ilẹ̀. Nígbà tó bá kan ẹsẹ̀ ògiri ni wọ́n máa ń ti fèrèsé. Kò jìnnà mọ́.

"Kí a já a léèékánná ńkọ́?" ni Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí béèrè. Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe é. "Kí a fi ata sí i lójú. Mojí, o lè fara da ata?"

"Bó bá jẹ́ ata ìjọ́sí, mà," ni Mojírádé wí. "Ata ìsinsìnyí kò ta mọ́."

"Ẹ̀rọ mọ ata," ni Ìyá Ẹ̀dínwó wí. "Ó mọ iná, ó mọ abẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan fi òòlù lu ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ níbí, lábẹ́ igi yìí. Fèrèsé ní ọgbẹ́ tuntun nìyẹn, dókítà kò kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n san owó oògùn ní funfun, wọ́n tún san owó ọmọ ìka lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò lójú ọgbẹ́."

"Irú ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ̀yin ni ẹ fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́ di funfun. Ọ̀nà tí ẹrù bá gbà wọlé, ó lè gba ibẹ̀ jáde."

Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí na ọrùn. Ojú rẹ̀ tàn. "Èébú lo ń wí? Kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Ó yíjú sí Ìyùnadé. "Ìyàwó, bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo bí i."

Ìyùnadé yọ síwájú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀lẹ."

Mojírádé ń wò ó.

"Ọ̀lẹ ni ọ́. Alápámáṣiṣẹ́. Olójú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun."

"Màmá," ni Mojírádé wí, ó ń di ẹ̀rín mú, "ẹ gbìyànjú."

"Yẹra," ni Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wí. "Ibi tí wọ́n ti bí ọ kò mọ èébú. Yẹra fún mi." Ó ká apá aṣọ. "Ìwọ! Olórí bí ìkòkò tí wọ́n gbé kaná gbàgbé! Ẹlẹ́sẹ̀ bí omorogùn! Ṣé etí nìyẹn ni àbí wọ́n so awẹ́ obì mọ́ ọ níbẹ̀? Bó bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ á máa ti ara wọn bí ewúrẹ́ tójò ká mọ́ta! Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọ, bó bá jí láàárọ̀, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ojú rẹ̀!"

Mojírádé ti fi orí sáàárín orúnkún, ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni. Àwọn tó wà lórí ìlà fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n fọwọ́ bo ẹ̀gbà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin kan ń bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n, ẹ má bà á jẹ́ fún mi." Ẹ̀gbà Mojírádé funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí a ní kó kó ata sẹ́nu kó fẹ́ wa lójú, oyin ló ń fẹ́ sí i.

Ìyá Ẹ̀dínwó fa Ìyùnadé sẹ́yìn igi.

"Kì í ṣe èébú, Ìyá Mojí. Èébú kì í dun ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun, orin ló jẹ́ fún un. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ni kí o bù. Èyí tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"N kò ní irú rẹ̀."

"Gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló ní in. Èmi náà ní in fún ọkọ mi. Mo sọ ọ́ fún un lórí bẹ́ǹṣì yẹn, a sì ra Ìdákẹ́ ní pupa."

"Níbo ni ọkọ yín wà?"

"Ó wà nílé. Ara rẹ̀ ń le sí i." Ìyá Ẹ̀dínwó ń wo èékánná ara rẹ̀. "Kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀."

Òjìji ti ku ìwọ̀n ìṣísẹ̀ ọmọdé kó kan ògiri. Ìyùnadé dúró. Ó rò ó pé kí òun lọ bá fèrèsé, kí òun ní kó wo ojú òun dípò awọ ọmọ. Ó rò ó pé kí àwọn máa lọ sílé, kí òun kì í láti ẹnu ọ̀nà dé orí ẹní, kí òun fi oríkì ra oṣù kan fún un. Oríkì á mú un dé ìrọ̀lẹ́. Á mú un dé ọ̀la bí ohùn bá wà. Kò lè bá ọyẹ́ jà. Ó wo inú ara rẹ̀ fún ẹkún tó yẹ kó wà níbẹ̀, kò rí i. Nígbà tó wò dáadáa, ó rí ohun mìíràn. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de òun.

"Ẹ bá mi mú Ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ fèrèsé," ló wí. "Ẹ ní kí wọ́n lọ nájà."

Ìyá Ẹ̀dínwó gbọ́. Ó lọ di Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lápá, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, ìyá náà sì tún gèlè dì. Àwọn ará ìlà yẹra fún un. Ìyùnadé jókòó ti ọmọ rẹ̀.

"Mojírádé."

"Mà." Ó ń nu ojú. "Ṣé òmíràn ni? Ẹ jẹ́ kí n mí ná."

"Kì í ṣe èébú."

Láti ọ̀dọ̀ fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà: "Ẹ kú ọjà o. Èló ni jálẹ̀ rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín wá," ni fèrèsé dáhùn.

"O ti sú mi," ni Ìyùnadé wí.

Mojírádé ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kì í ṣe àìsàn rẹ. Ìwọ ni. Bó bá di òwúrọ̀ tí mo gbọ́ ohùn rẹ, ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó tún jí." Bí ẹni tó ń sọ pé omi ti tán nínú àmù ló ṣe ń sọ ọ́. Kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Bí ilẹ̀ bá ṣú lónìí tí o kò sí mọ́, wọn á wá kí mi. Wọn á ní mo kú ọ̀fọ̀. N óò jókòó láàrin wọn, n óò máa dáhùn. Bí wọ́n bá lọ tán, n óò sùn. Mo mọ bí oorun náà á ṣe rí. Mo ti ń retí rẹ̀."

"Ẹ gbà á ní ìdajì," ni Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ń wí. "Ẹ má wo aṣọ ọrùn mi, àgbẹ̀ ni mí."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín wá."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú Mojírádé fún ìgbà díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti kó lọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́. Kò sunkún. Ó kàn fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú lórí itan, ó ń fún un, bó ti máa ń ṣe nígbà tí egungun bá ń bẹ̀rẹ̀. Láàrin àwọn ìka rẹ̀, àwọ̀ kan ń yọ. Ó kọ́kọ́ dà bí ìyeyè. Ó dà bí ọsàn. Ó wá pọ́n, ó pọ́n rokoṣo, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Dìde," ni Ìyùnadé wí. "Wọ́n fẹ́ tì í."

Ó dìde fúnra rẹ̀. Ìyùnadé na ọwọ́ láti dì í mú, ó sì rántí pé kò yẹ kí òun fọwọ́ kàn án kó tó dé ibẹ̀, ó bá dá ọwọ́ náà padà. Wọ́n jọ rìn lọ báyẹn, àlàfo ènìyàn kan wà láàrin wọn. Àwọn ará ìlà gbà wọ́n láyè láìsí ẹni tó sọ ọ́. Ìyá Ẹ̀dínwó ti yíjú sí ògiri.

Mojírádé gbé ọwọ́ lé ojú fèrèsé.

"Ẹ kú ìrora," ni fèrèsé wí, ohùn obìnrin, ó dùn létí. "Pupa."

Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí. Àpò Ìdákẹ́ yọ jáde. Owó tí Ìyùnadé mú dání tó o, ó kù díẹ̀ tí wọ́n fi máa wọ ọkọ̀. Bí wọ́n ti kúrò níwájú rẹ̀ báyìí ni fèrèsé pa dé.

Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lu itan pàà. "Ẹ rí i! Ẹ rí i bí mo ti wí? Ó ń ṣe agídí, ó ń sọ̀rọ̀ kan náà ṣáá, mo ní inú rẹ ti rọ̀, ojú ló ń tì ọ́! Ẹ ò rí i tó gbà? Ẹ sọ fún wọn ní Ìgbẹ́tì pé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí la ti ń kọ́ ìnájà!"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni Ìyùnadé wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá," ni Mojírádé wí. Ó tú wóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e mì láìsí omi.

Wọ́n wọ ọkọ̀ nígbà tí oòrùn ń lọ sẹ́yìn òkè. Ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́, àwọn òkúta funfun tí wọ́n ti gbẹ́ kù wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá jókòó lọ́wọ́ iwájú, ó kọ ojú sí wọn. Kò bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń wo Mojírádé, inú rẹ̀ kò balẹ̀, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

"Ìyàwó, a ti ra ọjà tán. Ṣé mo lè kì í báyìí?"

"Ẹ lè kì í, mà. Kò fa nǹkan kan mọ́."

Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ó kì í. Kò kì í ní ìdajì o. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba tó sùn lé òkúta, ó kó ìyá tó fi ojú ìràwọ̀ mọ ọ̀nà oko, ó kó àwọn tó kú sógun àti àwọn tó kọ̀ tí wọn ò kú, ó pe Àmọ̀kẹ́ ní ẹyin ojú, ó pe Àmọ̀kẹ́ ní omi orí àpáta tí ẹ̀ẹ̀rùn kò rí gbẹ. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, tí wọn kò mọ̀ rí, ń fi ìborùn nu ojú. Ọkùnrin kan ń mi orí. Ìyùnadé ń wo ọrùn ọmọ rẹ̀, ibi tí òógùn ìwúrí ti máa ń kọ́kọ́ yọ; ó gbẹ.

Nígbà tí Ìyá kì í tán, Mojírádé yíjú láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí, bí ìgbà tí ènìyàn bá gba ṣéńjì.

Ìyá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wò ó. Ó yí padà, ó kọ ojú sí ọ̀nà. 



"Màmá."

"Hẹn."

"Ìrora náà ti lọ."

"Ọpẹ́ ni."

Mojírádé kò béèrè bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ abẹ́ igi náà tàbí irọ́. Ìyùnadé ti múra ìdáhùn sílẹ̀ láti ìdí igi odán, kò rí ẹni fún. Ọmọ náà ń la ìka rẹ̀, ó ń pa wọ́n dé, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Á lè gbẹ́ abọ́ lọ́la.

"Èyí tí ẹ sọ lónìí," ló wí, "kò lè ṣiṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti gbọ́ ọ." Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń rán ni létí pé iyọ̀ ti tán nílé. "Ẹ ó wá òmíràn."

"N óò wá a," ni Ìyùnadé wí.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a níbẹ̀, níbi tó jókòó sí. Ọkọ̀ kò tíì yà sí ọ̀nà ilé tó fi rí ọ̀kan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára ju ti òní lọ. Ó gbé e pamọ́.